Pípọn Pilsner Nílé Pẹ̀lú Hop Tí A Kò Lò Rí: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Pilsner, bíà aláwọ̀ wúrà tí a ń pọn nínú òtútù, kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ọtí dúdú ní mọ́ọ̀tì yíyan (ọkà báálì tí a mú hù kí a tó gbẹ ẹ́) tó lè bo àléébù díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi sínú pilsner náà ni ẹ máa tọ́ wò. Ohun tó sì ń bà á jẹ́ jù ni kí ènìyàn gba irú hop tuntun (òdòdó tó ń fún bíà ní kíkorò àti òórùn), kó wá fi ìwọ̀n hop àtijọ́ wọ̀n ọ́n. Gíráàmù kan náà, kíkorò rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́ta.

Hop kì í so dáadáa nílẹ̀ wa. Ilẹ̀ olótùútù tí ojúmọ́ rẹ̀ ń gùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fẹ́. Inú ọ̀rá dídì ló ti ń dé ọwọ́ wa. Kí ẹ tó tú u, ẹ ka ohun méjì lára rẹ̀: ọdún tí wọ́n kórè rẹ̀, àti ìdá alpha acid rẹ̀ (èròjà tó ń mú un korò) nínú ọgọ́rùn-ún. Saaz ti ilẹ̀ Czech, hop tí a mọ pilsner mọ́ láti ìgbà tí Josef Groll ti pọn ọn ní Plzeň ní 1842, kì í sábà ju 3 sí 4 lọ. Àwọn irú tuntun mìíràn ju 12 lọ.

Fún 20 lítà, ẹ fi iye alpha pín 250. Èsì rẹ̀ ni gíráàmù hop tí yóò hó fún 60 ìṣẹ́jú láti fún yín ní kíkorò tó yẹ pilsner, nǹkan bí 30 IBU (òṣùwọ̀n kíkorò bíà). Alpha 3.5 yóò jẹ́ gíráàmù 71. Alpha 12 yóò jẹ́ 21 péré. Ṣíbí kọ́ ni a fi ń wọn hop o. Ẹ wá sìkéèlì tó lè ka gíráàmù kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì ra á títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó lè máa ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́, bí òdòdó tàbí bí koríko tútù. Bí ó bá ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tó ti mu òógùn, ooru ti bà á jẹ́. Ẹ dà á nù. Àárín fíríísà ni kí ó máa gbé, kí afẹ́fẹ́ má kàn án.

Ẹ tún lè fi ìgò ọtí kan dán an wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ìgò bíà méjì tí kò korò púpọ̀, kí wọ́n tutù dáadáa. Ẹ ṣí ọ̀kan, ẹ máa wọ́n gíráàmù hop kan sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìfófòó yóò ru bo ọwọ́ yín. Ẹ dé e, kí ó wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ wá sẹ́ ẹ, kí ẹ tọ́ ọ wò pẹ̀lú ìgò kejì. Òórùn nìkan lèyí ń fi hàn. Ìṣirò òkè yẹn ló ń sọ ti kíkorò.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí hop tí ẹ ti mọ̀ ṣe iṣẹ́ kíkorò, kí tuntun wọlé nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gíráàmù 20 tó. Bí òórùn rẹ̀ bá le, 15. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ rántí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn náà ń mú kíkorò wá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti 60 ìṣẹ́jú. Nítorí náà, hop alpha 12: gíráàmù 14 níbẹ̀rẹ̀, 20 nígbẹ̀yìn.

Omi tó rọ̀ ni pilsner fẹ́. Bí kànga tàbí bọhóòlù yín bá ń fi funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, ẹ lo omi òjò tó mọ́. Omi tó ń dá ìpẹtà kò dára rárá.

Mọ́ọ̀tì pilsner tí a ti lọ̀ wóróworó, kílò 4.5. (Àgbẹ̀ tó ní àgbàdo lè fi kílò 0.9 rọ́pò ìwọ̀n kan náà. Kó ti bó èèpo àti ojú rẹ̀ kúrò, nítorí òróró ibẹ̀ ń pa ìfófòó. Kó sè é di ẹ̀kọ kó tó dà á pọ̀. Àgbàdo tó ti bu kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.) Ẹ gbé omi lítà 13.5 kaná dé 70°C, ẹ da mọ́ọ̀tì sí i, yóò bọ́ sí nǹkan bí 65°C. Ẹ dé e fún wákàtí kan. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi omi 75°C, lítà 16, ṣan èèrí rẹ̀.

Ẹ sè é fún 90 ìṣẹ́jú láì dé ìkòkò. Òórùn àgbàdo sísè tó wà lára mọ́ọ̀tì yìí gbọ́dọ̀ bá oru omi lọ. Ìdérí ló ń dá a padà. Hop àkọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú.

Ibi tó le jù fún wa ni òtútù. Omi kànga wa ò tutù ju nǹkan bí 27°C lọ, kò sì lè mú ọtí dé ibi tí yíìsì lager (bíà inú òtútù, bíi pilsner) fẹ́. Ẹ fi omi yí ìkòkò ká títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á sínú korobá tí ẹ ti fi jíìkì fọ̀ tí ẹ sì fi omi sísè ṣàn, ẹ dé e, kí ó sùn nínú fíríísà títí dé 11°C. Ìgbà náà ni kí ẹ da yíìsì sí i: páálí W-34/70 onígíráàmù 11.5, méjì. Ẹyọ kan kéré jù fún òtútù yìí.

Kí ó dúró ní 10 sí 12°C fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá jẹ́ kó gòkè dé 16°C fún ọjọ́ mẹ́ta, kí òórùn bọ́tà lè kúrò. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí fíríísà àfi láti pààrọ̀ ìgò omi dídì. Ẹ ti kó ìgò omi dídì sí i ṣáájú, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ilé tí iná rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé, kó lo yíìsì kveik ti àwọn ará Norway, tó ń ṣiṣẹ́ ní 30 sí 35°C. Kì í ṣe pilsner gidi, ṣùgbọ́n ó sàn ju lager tí ooru ti bàjẹ́ lọ.

Ẹ má fi ìkánjú rọ ọ́ sígò. Àfi kí haidirómítà (ohun tí a fi ń wọn ṣúgà tó kù nínú ọtí) ka iye kan náà lọ́jọ́ mẹ́ta léra, nǹkan bí 1.010, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìgò lè bú gbàmù. Gíráàmù ṣúgà 120 tí ẹ ti sè nínú omi díẹ̀ ló tó 20 lítà. Ìgò bíà aláwọ̀ igi ni kí ẹ lò, nítorí oòrùn máa ń sọ hop di olóòórùn burúkú nínú ìgò funfun tàbí aláwọ̀ ewé. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú yàrá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú fíríìjì. Ẹni tó fẹ́ gbé e fún àlejò nígbà Kérésì, kó pọn ọn kí 20 oṣù kẹwàá tó kọjá. Ti ilé ni o. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC.

Èèrí mọ́ọ̀tì dára fún ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́, lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó kan. Ṣùgbọ́n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ hop, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ẹ rì í: ó lè pa ajá.