Gúgúrú oníyájì

Ẹ̀yin ará wa, tí gúgúrú oníṣúgà bá ti sú yín, ẹ gbìyànjú oníyájì (yájì ni ata ẹlẹ́pà tí wọ́n fi ń jẹ sùyà) nílé. Àgbàdo gúgúrú gan-an ni kí ẹ rà o, ti ògì kò ní bẹ́ dáadáa.

Ìdajì kọ́ọ̀bù àgbàdo, òróró ṣíbí ìjẹun 3. Ẹ kọ́kọ́ ju ẹyọ mélòó kan sínú òróró gbígbóná. Tí wọ́n bá ti bẹ́, ẹ da ìyókù sí i, ẹ dé e, kí ẹ máa mi ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí ìdérí ṣí díẹ̀ kí ooru rí ọ̀nà jáde, torí ooru tó bá há síbẹ̀ ló ń jẹ́ kí gúgúrú rọ̀.

Yájì kì í bá òróró wọ iná o! Ẹ̀pà inú rẹ̀ á jóná kíá, á sì korò. Ẹ sọ gúgúrú kalẹ̀ tán, ẹ yọ́ bọ́tà díẹ̀ lé e, kí ẹ tó wọ́n yájì sí i lóoru-lóoru. Ẹ tọ́ yájì wò ná kí ẹ tó fi iyọ̀ kún un. Òmíràn ti ní iyọ̀ àti Maggi nínú (èmi ò tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i mọ́). Tí ẹ bá máa fi í, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, torí iyọ̀ wóróworo kì í lẹ̀ mọ́ gúgúrú, ìsàlẹ̀ abọ́ ló ń já bọ́ sí.

Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà, ata gígún àti atalẹ̀ gbígbẹ ni kó lò.