Ọmọ Ajá Tuntun: Ẹ Má Tíì Gbé E Kalẹ̀ Níta

Ẹ bèèrè ọjọ́ orí ọmọ ajá kí ẹ tó bèèrè owó rẹ̀. Mò ń sin ajá ní Àpáta níbí, àwọn ará àdúgbò a sì máa pè mí kí n bá wọn wo èyí tí wọ́n fẹ́ rà. Bí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, mo máa ń ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nídìí ọmú ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. "Ó ti gba abẹ́rẹ́" kò tó. Ẹ wò ó bóyá wọ́n lẹ bébà ara ìgò oògùn mọ́ ọn, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ dókítà ẹranko tó fún un. Oògùn yìí gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì títí wọn yóò fi lò ó, torí náà èmi kì í gba èyí tí ẹnì kan gbé sínú àpò kiri. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, àwọn dókítà ẹranko mìíràn sì wà káàkiri ìlú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọkàn balẹ̀ torí abẹ́rẹ́ ẹyọ kan. Wàrà tó kọ́kọ́ yọ lọ́mú ìyá ló ń dáàbò bo ọmọ ajá ní kékeré. Agbára wàrà yẹn ń dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 16, ṣùgbọ́n bó bá ṣì wà lára, kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́. A ò lè fojú rí ọjọ́ tó máa tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí wọ́n ń tún un fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, ó kéré tán. Ti dìgbòlugi máa ń wáyé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹ má fo ìyẹn rárá, torí ó ń pa ènìyàn.

Parvo, àrùn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Inú ìgbẹ́ ajá tó ń ṣàìsàn ló ń bá jáde. Òjò lè ti fọ ìgbẹ́ náà lọ, kí kòkòrò àrùn náà ṣì wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kódà kó lé lọ́dún kan. Ajá mìíràn kò wulẹ̀ ní láti wọlé yín kí tiyín tó kó o: bàtà tí ẹ wọ̀ ti Dùgbẹ̀ bọ̀ tó. Ẹ máa bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má yá abọ́ tàbí ṣéènì ajá aládùúgbò. Àlejò tó bá ní ajá nílé, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé tiyín kò tíì gba abẹ́rẹ́ tán, kó má gbé e.

Òórùn Izal kì í pa kòkòrò yìí. Hypo ló ń pa á. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò pátápátá, kí ẹ wá po ife Hypo 1 mọ́ ife omi 20, kí ẹ dà á sílẹ̀, kó wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣan án. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọlẹ̀ mìíràn, kí ọmọ ajá sì jìnnà sí i títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ.

Distemper, àrùn ajá mìíràn, ní tirẹ̀ ń bá ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rìn. Ìtọ̀ eku ń tan àrùn tí wọ́n ń pè ní leptospirosis kálẹ̀, tó ń ran ènìyàn náà, torí náà ẹ máa da omi àti oúnjẹ tó kù lábọ́ nù lálẹ́. Oògùn aràn, ẹ bèèrè ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ má sì tì í mọ́lé bí ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ gbé e sápá jáde, kó gbọ́ ariwo ọ̀kadà àti odó, kó mọ ọmọdé àti àgbà.

Bó bá kọ oúnjẹ, tó ń bì, tàbí tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Àgbo àti epo pupa kò lè wò ó. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń pa á, dókítà ló lè fa omi sí i lára. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ gbé e sínú páálí, ẹ má gbé e kalẹ̀ láàárín àwọn ajá tó ń dúró de dókítà. Ilé tí parvo bá sì ti pa ajá, ajá tó ti gba abẹ́rẹ́ tán ni kí ẹ tún mú wá síbẹ̀.