Ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ máa fi mú oògùn jẹjẹrẹ: ẹ má wo àwọ̀, páálí ni kẹ́ ẹ kà

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àtẹ̀yin apòògùn tá a jọ wà ní Abuja níbí, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ìyá tàbí bàbá yín nílé ní Kubwa tàbí Nyanya, ẹ gbọ́ o. Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù pé ẹ fẹ́ ra háńdìgílọ́ọ̀fù, èyí tó bá sún mọ́ ọ̀gá yẹn lọ́wọ́ ló máa gbé fún yín, á ní "bùlúù nìyí, ó nípọn gan-an". Àwọ̀ ò kan oògùn kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, o jàre.

Ẹ yí páálí yẹn sẹ́yìn, ẹ wá nọ́ńbà ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ASTM D6978. Ìyẹn ló ń sọ pé wọ́n ti dán an wò pẹ̀lú oògùn kímò, wọ́n sì ti mọ iye ìṣẹ́jú tí oògùn máa lò kó tó là á kọjá. Tó bá jẹ́ D6319 nìkan lẹ rí, ìbọ̀wọ́ nitrile (rọ́bà àtọwọ́dá) tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò aláìsàn lásán ni, ẹ dá a padà. Èyí tó pójú owó máa ń to orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣẹ́jú ẹ̀, orúkọ oògùn tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ wá, torí ìbọ̀wọ́ tí cisplatin ò là kọjá fún wákàtí mẹ́rin, carmustine tàbí thiotepa lè ti gba inú ẹ̀ kọjá kíá.

Vinyl, ìyẹn ìbọ̀wọ́ oníke, ẹ má rà á. Latex, ìyẹn rọ́bà igi, náà wà tó yege, ṣùgbọ́n ó máa ń yún àwọn kan lára, èmi ò kúrò lórí nitrile. Kó má ní páúdà, torí páúdà máa ń gbé oògùn káàkiri. Ẹ wo déètì, ẹ má sì gbé páálí sínú búùtù mọ́tò nínú oòrùn ìlú yìí.

Tẹ́ ẹ bá ń po oògùn tàbí ẹ ń fà á fún aláìsàn, méjì lẹ máa wọ̀ lórí ara wọn: ti inú á wọ abẹ́ ọwọ́ gáùn, ti òde á bo ọwọ́ gáùn mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 30, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, tó bá ya tàbí oògùn dà sí i, ojú ẹsẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ tán, ọṣẹ àti omi ni o, sánítáísà ò lè ṣan oògùn kúrò lọ́wọ́. Nígbà ọyẹ́ tọ́wọ́ gbogbo wa ń sán, kẹ́ ẹ tún ṣọ́ra sí i.

Nílé, tó bá jẹ́ hóró methotrexate tàbí hydroxyurea lẹ fẹ́ fún èèyàn, ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan tó, ṣùgbọ́n ẹ má lọ hóró náà, ẹ má fọ́ ọ. Ìtọ̀ àti èébì aláìsàn náà ń gbé oògùn jáde, ó kéré tán fún wákàtí 48, ẹ wọ méjì tẹ́ ẹ bá fẹ́ nù ún, kí aláboyún má sì bá wọn dá sí i. Èyí tẹ́ ẹ bọ́, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í kẹ́ ẹ bi ọsibítù yín ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí, torí tẹ́ ẹ bá jù ú sẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ á he é, wọ́n á fi ẹnu fẹ́ ẹ bíi bàlúù.