Ẹ bèèrè ínǹṣì písà kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ bá fẹ́ mọ ilé písà tí owó yín ti máa ra ọjà jù, ẹ má wo iye owó nìkan. Ẹ bèèrè ínǹṣì rẹ̀, ìyẹn bó ṣe fẹ̀ tó láti etí kan dé èkejì, ẹ fi ínǹṣì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ohun tó bá jáde pín owó písà. Ibi tí èsì bá ti kéré jù ni kí ẹ lọ. Písà rí róbótó, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tan ojú: onínǹṣì 12 kan tóbi ju onínǹṣì 8 méjì lọ, nítorí 144 ni tirẹ̀, àwọn méjèèjì yẹn ò ju 128 lọ. Ká ní ₦6,000 ni wọ́n ń ta kékeré, ₦12,000 ni ńlá: kékeré á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦94, ńlá á jẹ́ bíi ₦83. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ti máa gbé e wá, ẹ kọ́kọ́ fi owó ọkọ̀ kún un kí ẹ tó pín in.

Ìṣirò yìí ò lè sọ bó ṣe dùn o. Fún ìyẹn, ẹ gbé ègé kan sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ó yẹ kó pọ́n, kí iná sì ti jó o díẹ̀díẹ̀. Tó bá funfun tó sì rọ̀ jọ̀bọ̀, kò jinná dáadáa. Orúkọ ńlá náà ò tó. Ilé písà Domino's ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2012, síbẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ka kan yàtọ̀ sí òmíràn, nítorí náà ohun tí àwọn oníbàárà ẹ̀ka yẹn gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sórí Google Maps ni kí ẹ kà.