Bí A Ṣe Lè Fura sí Ojúsàájú Nínú Pípín Àwọn Aláìsàn fún Ìdánwò Oògùn

Bí ìròyìn ìdánwò oògùn kan bá sọ pé gègé ni wọ́n fi pín àwọn aláìsàn sí ìsọ̀rí méjì, ẹ má tíì gbà á. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣẹ́ gègé náà. Fífi ọjọ́ ìbí tàbí ọjọ́ tí aláìsàn dé pín wọn kì í ṣe gègé, nítorí ẹnikẹ́ni lè mọ ibi tí ẹni tí ń bọ̀ yóò bọ́ sí.

Ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nìyí: ǹjẹ́ ẹni tí ń gba aláìsàn wọlé lè mọ ìsọ̀rí tó kàn kí ó tó gbà á? Kò dìgbà tó bá jẹ́ ènìyàn burúkú kó tó ba iṣẹ́ jẹ́. Àánú nìkan tó bẹ́ẹ̀. Ní 1930, ní Lanarkshire ní Scotland, wọ́n fi nǹkan bí 20,000 ọmọ iléèwé wádìí àǹfààní wàrà, wọ́n sì gba àwọn olùkọ́ láàyè láti pààrọ̀ àwọn ọmọ bí ìsọ̀rí kan kò bá dọ́gba pẹ̀lú èkejì lójú wọn. Àwọn tí kò ní mu wàrà ga, wọ́n sì tóbi ju àwọn yòókù lọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ́fíìsì kan tó wà lọ́tọ̀ ló ń sọ ìsọ̀rí aláìsàn lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àpòòwé tí wọ́n fi ìsọ̀rí aláìsàn kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ ni wọ́n lò, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí ìmọ́lẹ̀ má sì lè là á kọjá.

Àpòòwé tó dára pàápàá kò tó bí wọ́n bá ń pín aláìsàn ní ọ̀wọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, méjì síhìn-ín, méjì sọ́hùn-ún, tí dókítà sì mọ oògùn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà: lẹ́yìn ẹni kẹta, ó ti mọ ti ẹni kẹrin.

Nínú àtẹ tó ń fi ipò àwọn aláìsàn hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ èèṣì; ohun tó yẹ kó kọ wá lóminú ni kí gbogbo ìyàtọ̀ tó ṣe kókó máa gbe ìsọ̀rí kan náà. Níbi tí àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan bá wà, ẹ ṣírò bí ó ti ṣeé ṣe tó kí oògùn tuntun kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, lójú ẹni tó rántí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwọn tó gba oògùn kan náà nìkan: bí ara àwọn tó ṣeé ṣe jù kí oògùn tuntun kàn bá le ju ti àwọn yòókù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó gbà wọ́n wọlé ti ń méfò.