Bí mo ṣe sọ kámẹ́rà dígítà mi di ti fíìmù

Ní ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá, fọ́tò tí mo yà l'Óṣogbo lé ní ẹgbẹ̀rún, mi ò sì rí mẹ́wàá tó wù mí níbẹ̀. Arugbá kọjá níwájú mi, àwòrán tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ni mò ń wò lẹ́yìn kámẹ́rà. Ó dùn mí gan-an.

Mo wá fẹ́ máa ya fọ́tò níwọ̀n bí ẹni tó ń lo fíìmù, láì máa wò wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ ra káàdì 4GB kó lè tètè kún. Ó ṣì gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò. Mo tún fi kọ̀ǹpútà fún wọn ní àwọ̀ fíìmù. Asán ni.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí. Mo pa Image Review (ohun tó ń gbé fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀ tí a bá ti yà á) nínú mẹ́nù, mo fi páálí àti sẹ́lótéèpù bo ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà. Mo fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fura sí ìmọ́lẹ̀ tó) sí 400, white balance (ètò àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) sí Daylight (ti ojú ọ̀sán), mi ò yí wọn mọ́. Ipò M ni mo lò, níbi tí èmi fúnra mi ti ń yan f (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; nọ́ńbà kékeré ló ṣí jù) àti ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé: nínú oòrùn gangan, f/16 àti 1/400, lábẹ́ igi Igbó Ọ̀ṣun, tí ó ṣókùnkùn, mo ṣí i dé f/2.8 àti 1/60. Fọ́tò 36 péré, bíi róòlù fíìmù kan, mo pa kámẹ́rà. Ọjọ́ kejì ni mo tó wò wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ funfun àwọn olórìṣà o. Fíìmù nẹ́gátíìfù máa ń fara da ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù. Ti dígítà, funfun tí ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù bá ti bàjẹ́ kò ṣeé gbà padà. Nínú oòrùn, 1/800 ni mo ń lò fún un, kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé lè dín kù.

Nínú 36 yẹn, mẹ́sàn-án wù mí. Ẹni tó ń ya ìgbéyàwó gbowó, bóyá kó kọ́kọ́ dán an wò nílé.