Ọrùn ọwọ́ àti kíbọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká ẹsẹ̀ kékeré méjì tí ó wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù yín wọlé, nítorí pé bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ga, ọrùn ọwọ́ yóò tẹ̀ sókè, ọ̀nà tóóró tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà lọ sí àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín yóò sì fún. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù, bẹ́ẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ fa àga súnmọ́ tábìlì, kí èjìká rọlẹ̀, kí ìgunpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí ọrùn ọwọ́ sì tọ́ láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí tábìlì bá ga jù, ẹ fi tìmùtìmù sórí àga.

Àwa tí a ń fi àmì sórí Yorùbá, tí a sì ń lo AltGr (bọ́tìnnì tí ó wà lápá ọ̀tún bọ́tìnnì gígùn tí a fi ń fi àlàfo sílẹ̀), ẹ má jẹ́ kí á máa na ìka ọwọ́ kan ṣoṣo. Kí ọwọ́ kan di AltGr mú, kí èkejì tẹ lẹ́tà.

Bí ìka bá ń kú tàbí tí ó ń ta bí abẹ́rẹ́ lóru, ẹ tètè lọ rí dókítà.